Iṣẹ́ Orúnkún Tí Mo Pín fún Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú wàhálà ìlú ńlá, mo kí ọkọ rẹ kú làálàá, mo sì kí àwọn ọmọ mi kéékèèké kú ìwé kíkà. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà? Àwa náà wà níbí, bàbá rẹ wà, èmi wà, orúnkún mi náà wà. Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ọ ní ìjáde àti ìwọlé. Ẹsẹ̀ tí o fi ń gun àtẹ̀gùn ilé iṣẹ́ yín lójoojúmọ́ kò ní yẹ̀ lórí ẹyọ kan nínú wọn. Okùn tó so eegun rẹ pọ̀ kò ní já, ẹran ara tó yí eegun náà ká kò sì ní sùn lẹ́nu iṣẹ́. Wàá máa rò ó pé irú àdúrà wo nìyí. Tí o bá ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀, wàá rí i pé àdúrà tó yẹ kí n ti máa gbà fún ọ láti kékeré ni, mi ò kàn mọ̀ ni.

Mo mọ̀ pé wàá ní kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Ọmọ mi, mo gbìyànjú. Tí mo bá pè, wàá ní kí n dákẹ́ ná, o wà ní ìpàdé, o máa pè mí padà, owó á sì ti lọ nínú fóònù mi kí ọ̀rọ̀ kankan tó jáde lẹ́nu mi. Mo ṣírò rẹ̀, owó tí mo fi ń gbọ́ pé o wà ní ìpàdé ti tó ra tákàdá àti báírò, yóò sì ṣẹ́kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ìwé sí ọ.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yẹn ni mo fẹ́ bá ọ sọ. O ti bá dókítà tó ń la orúnkún sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ yín, o ti san àsansílẹ̀, o ní kí n ti ṣọ́ọ̀bù pa, kí n ta máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ mi, kí n wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ, kí n máa na ẹsẹ̀ sórí tìmùtìmù. Mo dúpẹ́, inú rere ló mú ọ ṣe é. Ṣùgbọ́n dókítà eegun ti ìhà ibí ní kí n kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, àwọn tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú eegun àti iṣan, pé lẹ́yìn náà òun yóò tún orúnkún náà yẹ̀ wò. Tó bá ṣì ń yẹ̀, ó di abẹ. Tí kò bá yẹ̀ mọ́, kí n máa bá iṣẹ́ mi lọ. Àná ni àyẹ̀wò náà. Mo mọ̀ ọ́ dáadáa, o máa ń ka ìparí ìwé kí o tó ka ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Jọ̀ọ́, má fo ibì kankan, torí ohun tí ojú mi rí láàárín méjèèjì ló mú mi kọ ìwé tó gùn tó báyìí.

Ọjọ́ tí mo ṣubú, ohun tí mo sọ fún ọ ni pé mo kọsẹ̀, kí àyà rẹ má baà já. Bó ṣe rí gan-an nìyí. Mo gbé ìdì aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ lọ́wọ́, mo ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan kí mi láti ẹ̀yìn, mo yíjú kí n dá a lóhùn, ara mi yí, ẹsẹ̀ mi ò yí. Mo gbọ́ ọ nínú orúnkún mi, pàà, bí ìgbà tí òwú tó nípọn bá já lẹ́nu abẹ́rẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, orúnkún ti wú bíi búrẹ́dì. Ìgbà tó sì fà padà, mo lè rìn tààrà, ṣùgbọ́n tí mo bá fẹ́ yà sọ́tùn-ún tàbí sósì, ńṣe ni itan á lọ lọ́tọ̀, ojúgun á lọ lọ́tọ̀, bí àwọn méjì tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀.

Dókítà eegun ò lo ẹ̀rọ kankan. Ó ní kí n dùbúlẹ̀, ó ká orúnkún mi díẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di itan mú, ó fi ìkejì di ojúgun mú, ó wá fà á síwájú bí ẹni ń fa dúrọ́ọ̀ tábìlì. Dúrọ́ọ̀ náà sì ṣí. Ìṣojú mi ló ṣẹlẹ̀. Ó fa ti ẹsẹ̀ kejì, ìyẹn ò ṣí. Ó ní okùn kan wà láàárín orúnkún tó so eegun itan mọ́ eegun ojúgun, òun ni kì í jẹ́ kí ojúgun sá jáde síwájú, pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ló ti já. Mo ti ń fi orúnkún yìí tẹ máṣíìnì láti ìgbà ọmọge mi, ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi rí pé okùn wà níbẹ̀. Mo bi í pé irú òwú wo ni wọ́n fi ṣe é. Ó rò pé mò ń ṣẹ̀fẹ̀ ni.

Ibi tí àwọn físíò wà, gbọ̀ngàn ńlá ni, lẹ́yìn ilé ìwòsàn. Dígí bo ògiri kan láti ilẹ̀ dé òkè, tí èèyàn bá wọlé á kọ́kọ́ kí ara rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kan wà níbẹ̀ tí kò ní táyà, wọ́n kàn án mọ́lẹ̀, èèyàn á gùn ún títí á fi làágùn, á sì sọ̀kalẹ̀ síbi tó ti gùn ún. Àtẹ̀gùn kékeré kan wà tí kò lọ sí òkè kankan, tí o bá gùn ún dé orí, kò sí nǹkan níbẹ̀, wàá sọ̀kalẹ̀ sí ìhà kejì. Mo kọ́kọ́ rò pé owó ló tán lọ́wọ́ àwọn tó ń kọ́ ilé náà. Ọkùnrin kan jókòó sórí àga ní ọjọ́ yẹn, gìrìwò bẹ́ẹ̀, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń dìde. Ó gbìyànjú, ó gbìyànjú, ó wá dìde, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n. Gbogbo wa nínú gbọ̀ngàn náà dákẹ́ bí ẹni tó wà níwájú ọba. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ wá ní kó jókòó, kó tún un ṣe. Ọmọ mi, láti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì dìde lórí àga rí kí n má rántí pé iṣẹ́ ńlá ni mo ṣe.

Ọmọbìnrin kan ni wọ́n fà mí lé lọ́wọ́, ọjọ́ orí rẹ̀ ò ju ti àbúrò rẹ lọ. Kó tó fọwọ́ kàn mí, ó gbé ìwé kan jáde, ó ní láti òdo dé mẹ́wàá, mélòó ni ìrora mi. Ìwọ náà mọ̀ pé kì í ṣe òní ni mo dé ọjà. Ẹni tó bá bi ọ́ ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, iye tó máa gbà lọ́wọ́ rẹ ló fẹ́ mọ̀. Ìrora náà tó mẹ́jọ dáadáa, ṣùgbọ́n mo ní méjì. Ó wo ojú mi, ó tẹ ibì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún, mo fò sókè lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ní mélòó wá ni. Mo ní ó dáa, mẹ́ta, kó jẹ́ ká parí ẹ̀ síbẹ̀, oníbàárà tuntun ni mí. Ó kọ méje sílẹ̀. Inú bí mi gan-an, mo ní ta ló gbọ́ irú ẹ̀ rí. Àfìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń gbowó ni mo rí i pé iye kan náà ni gbogbo èèyàn ń san, bàbá kan tó ní mẹ́wàá, iye tí mo san ló san. Nígbà tí mo tún padà lọ, mo ní kó kọ mẹ́wàá fún mi, kí n lè jẹ gbogbo owó mi tán. Ó fi sùúrù ṣàlàyé fún mi pé ìṣirò yẹn kì í ṣe ti owó, pé òun fi ń mọ ibi tí òun á fọwọ́ líle mú àti ibi tí òun á rọra mú ni. Ojú tì mí díẹ̀. Láti ìgbà yẹn òótọ́ ni mò ń sọ fún un.

Mò ń retí abẹ́rẹ́ tàbí oògùn ìpara, mi ò rí ọ̀kankan. Ó ká aṣọ ìnura, ó fi sábẹ́ orúnkún mi, ó ní kí n fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí n dì í mú, kí n tú u sílẹ̀. Ó ní kí n na ẹsẹ̀ náà gbọnrangandan, kí n gbé e sókè, kí n rọra gbé e wálẹ̀. Ó ní kí n fẹ̀yìn ti ògiri, kí n máa yọ́ sísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó, kí n má sì jókòó. Ó ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ kan. Mo rò ó nínú ọkàn mi pé irú ọjà wo rèé. Ó dà bí ìgbà tí oníbàárà bá gbé aṣọ wá fún mi, tí mo gbowó rẹ̀, tí mo wá ní kó jókòó sídìí máṣíìnì kó rán an fúnra rẹ̀.

Ó jọ pé ó rí i lójú mi, torí ó lọ gbé orúnkún kan wá tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, pẹ̀lú gbogbo okùn inú rẹ̀, ó gbé e sórí itan mi. Ó fi okùn tó já hàn mí, ó ní irú èyí, tó bá já báyìí, ó ṣòro kó tún fúnra rẹ̀ so padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó wá ní kí n fọwọ́ kan iwájú itan mi, kí n fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní ẹran tó wà níbẹ̀ yẹn, tí a bá fún un lókun, tí a sì kọ́ ọ, yóò mọ ìgbà tí eegun bá fẹ́ yọ̀, yóò sì dì í mú kó tó yọ̀. Ó ní kì í ṣe gbogbo ẹni tí okùn yìí já fún ló nílò abẹ, pé àwọn mìíràn nílò rẹ̀, àwọn mìíràn á sì fi irú eré báyìí gbé e já, pé iṣẹ́ ni yóò sọ èyí tí mo jẹ́. Mo jókòó, mo gbé ọwọ́ lé itan mi. Láti ìgbà tí mo ti ń gbé e kiri, mi ò mọ̀ pé ẹran itan lè kọ́ṣẹ́. Okùn kan ṣàìsàn, ẹran tó wà nítòsí ní kó fi ẹrù náà sílẹ̀, òun á bá a gbé e. Ta ló kọ́ wọn ní irú ìwà yẹn?

Ibẹ̀ gan-an ni ohun tí mo ṣe ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ló ní kí n máa ṣe iṣẹ́ náà, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́. O mọ̀ pé ọ̀sán ni àwọn ìyá ọmọ máa ń gbé aṣọ wá. Mo wo bàbá rẹ, wọ́n jókòó sórí àga ní ìloro, wọn ò ṣe nǹkan kan. O mọ bí ilé wa ṣe rí, iṣẹ́ tó bá ti wọlé, ti gbogbo ilé ni. Nígbà tí o wà nílé, èmi ni mò ń gé aṣọ, èmi ni mò ń rán an, bàbá rẹ á rán bọ́tìnnì mọ́ ọn tí wọ́n bá ti ọ̀nà dé, ìwọ á fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, oníbàárà kankan ò sì bi mí rí pé ta ló rán bọ́tìnnì. Mo bá pín in. Àárọ̀ jẹ́ tèmi, ọ̀sán jẹ́ ti bàbá rẹ, ìrọ̀lẹ́ a gé e sí méjì. Bàbá rẹ kọ́kọ́ ní ta ló fi àwọn jẹ físíò. Mo ní ṣé kì í ṣe àwọn ni wọ́n ní ara kan náà ni wá níjọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé títí dé orúnkún ni. Ṣùgbọ́n wọ́n dìde.

O rántí bí bàbá rẹ ṣe máa ń dìde. Orúnkún wọn méjèèjì ti gbó sídìí kílọ́ọ̀ṣì láti ìgbà tí wọ́n ti ń wa ọkọ̀ akẹ́rù, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n máa ń dìde kí wọ́n tó dìde tán: ọwọ́ á kọ́kọ́ dìde, ẹ̀yìn á tẹ̀ lé e, ẹjọ́ ló máa ń gbẹ̀yìn. Ọmọbìnrin físíò ti fi àwòrán tó ń rìn ránṣẹ́ sórí fóònù mi, obìnrin kan ń ṣe iṣẹ́ náà nínú rẹ̀ kí n lè máa wò ó ṣe. Èyí ni bàbá rẹ gbé síwájú lọ́sàn-án. Irun obìnrin náà ti funfun, síbẹ̀ kì í kọ̀, ìgbàkígbà tí a bá pè é ló ń jáde, kò gba kọ́bọ̀, aṣọ kan náà ló sì máa ń wọ̀. Mo kìlọ̀ fún bàbá rẹ pé kí wọ́n má pè é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́sàn-án, òun náà ní ilé tó ń bójú tó. Bàbá rẹ gbà. Wọ́n á kí i kú iṣẹ́ kí wọ́n tó pa fóònù. Wọ́n ní ìwà rẹ̀ dáa, ó kàn jẹ́ pé kì í dáhùn ìkíni.

Rọ́bà tí wọ́n ń so mọ́ ẹsẹ̀, tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mo wo iye rẹ̀, mo dá a padà. Mo lọ gé tíúbù kẹ̀kẹ́ tó ti bẹ́, mo dá etí sí i, ó sì lágbára ju tiwọn lọ. Ọmọbìnrin náà fà á wò, ó ní ó dáa, ó ní ṣé mo lè ṣe mìíràn. Mo ti ṣe mẹ́rin fún wọn.

Kò pẹ́, ó fẹ́ mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ sí, ó mú téèpù jáde láti wọn itan mi. Ọmọ mi, irú téèpù mi gan-an ni. Ó wọn èyí tó dáa, ó wọn èyí tó bàjẹ́, ó tún un wọ̀n. Mo ti rí i kó tó sọ̀rọ̀, ẹni tó ń fi téèpù jẹun ò lè ṣàìrí i. Itan tó bàjẹ́ ò tíì nípọn tó bó ṣe yẹ. Ó ní ṣé mò ń ṣe gbogbo rẹ̀ lóòótọ́. Mo ní à ń ṣe é. Ó ní ta ni à ń ṣe é. Mo ní èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi ni, àwọn ló ni ọ̀sán.

Ó gbé téèpù sílẹ̀. Ó ní òun ò gbọ́ dáadáa. Mo tún un sọ, mo sì ṣàlàyé fún un, torí mo rò pé inú rẹ̀ á dùn pé mo fi ọgbọ́n ṣe é. Mo ní ṣebí òun náà ló sọ pé tí okùn bá já, ẹran tó wà nítòsí á bá a ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ta ló wá tún sún mọ́ mi ju ọkọ mi lọ? Ọmọbìnrin náà yíjú sí ògiri. Èjìká rẹ̀ ń mì, mo rò pé ó ń sunkún, àṣé ẹ̀rín ló ń pa á kú lọ. Ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ tún un sọ. Mo tún un sọ. Bàbá kan tó wà lórí kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà ní kí wọ́n dá òun dúró, òun fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà rọlẹ̀, ọmọbìnrin náà jókòó tì mí, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní mà, gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe lọ́sàn-án, itan tiwọn ló ń lọ. Kò sí ọ̀nà tó gbé e dé itan tiyín. Ó ní ọjọ́ dókítà eegun ti sún mọ́lé, àti pé bí itan yìí ṣe wà báyìí, orúnkún á yẹ̀ níwájú rẹ̀.

Ọ̀sán tí mo rò pé mo pa mọ́ fún àwọn oníbàárà, òun gan-an ló fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù àti máṣíìnì mi lọ́wọ́ mi.

Ó wá ní níbo ni bàbá náà wà. Mo ní wọ́n wà níta lórí bẹ́ǹṣì. Ó lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó ní ẹ wọlé, sà. Bàbá rẹ sì dìde. Mo ń wò wọ́n láti inú ilé. Wọ́n dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn ò di nǹkan kan mú, wọn ò sì ráhùn. Wọ́n gun òkúta ẹnu ọ̀nà wọlé, àwọn fúnra wọn ò mọ̀ pé àwọn ṣe nǹkan. Ojoojúmọ́ ni mo ti ń rí wọn, mi ò kíyè sí i. Mo ní Bàbá wọn, ẹ ti dìde. Wọ́n ní ṣebí wọ́n pe àwọn ni. Mo ní ẹ padà lọ jókòó, kí ẹ tún dìde. Wọ́n padà lọ jókòó, wọ́n tún dìde, wọ́n wá dúró, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn bí ẹni tó rí àlejò.

Ọmọbìnrin náà fọwọ́ yí orúnkún wọn wò, ó ní ó ṣì ń dún, ó ti gbó lóòótọ́, a ò lè sọ ọ́ di tuntun. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn tí orúnkún wọn gbó máa ń jókòó tì í, wọ́n rò pé ìjókòó ni ìtọ́jú rẹ̀, ẹran itan á wá máa gbẹ, gbogbo ẹrù á sì wó lu orúnkún. Ó ní ìrìn díẹ̀díẹ̀ àti irú iṣẹ́ yìí, tí èèyàn ń fi kún un bí agbára rẹ̀ bá ṣe mọ, òun ló ń gba ẹrù kúrò lórí eegun. Nígbà tí a délé, bàbá rẹ ní ṣé ìsinmi tí gbogbo èèyàn ń ní kí àwọn máa sinmi náà ló fẹ́ sọ àwọn di àga.

Ọmọ mi, láti ọjọ́ náà mo gba gbogbo iṣẹ́ mi padà. Àárọ̀ tèmi, ọ̀sán tèmi, ìrọ̀lẹ́ tèmi. Bàbá rẹ ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀, a kọ̀ kí ẹnikẹ́ni bá ẹnì kejì gbé ẹsẹ̀. Tí ọ̀sán bá tó, mo ń ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì mọ iye aṣọ tó kọjá lọ sọ́dọ̀ télọ̀ kejì nítorí rẹ̀, mi ò ní kọ ọ́ síbí kí o má baà sunkún. Ọmọbìnrin náà bi mí léèrè bí máṣíìnì mi ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo ṣàlàyé. Ó ní kí n yọ bẹ́líìtì rẹ̀ kúrò, kí n máa fi ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, lófìfo, láìsí aṣọ, láìsí òwú. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n náwó lé lórí ní ilé ìwòsàn, irú rẹ̀ ti wà ní ṣọ́ọ̀bù mi láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn tó ń kọjá ń wò mí pé mò ń rán aṣọ tí kò sí. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì ní iwájú wa bi mí pé ta ni mò ń rán aṣọ fún. Mo ní itan mi ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń fi orúnkún tẹ aṣọ ìnura mọ́lẹ̀ bí mo ṣe ń ṣe, ẹran tó wà lókè orúnkún sì dìde, ó le, gbọin, lábẹ́ ọwọ́ mi. Mo tú u sílẹ̀, ó rọ̀. Mo tún pè é, ó tún dáhùn. Ẹ̀yin ọmọ mi nìkan ni mo rántí pé ó dáhùn nínú ara mi báyẹn rí, nígbà tí mo lóyún yín. Mo jókòó lórí ẹní, mi ò lè dìde, kì í ṣe torí ìrora.

Àná wá dé. Bàbá rẹ wọ aṣọ tí wọ́n fi ń lọ sí òde, mo ní ṣé àwọn ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò ni. Dókítà eegun ní kí n dùbúlẹ̀, ó di itan mú, ó di ojúgun mú, ó fà á. Dúrọ́ọ̀ náà ṣí. Kò ṣí tó ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣí, mo rí i. Mo wo òkè àjà, mo ti rí ara mi lọ́dọ̀ rẹ lórí tìmùtìmù, mo ti ń ronú ẹni tó lè fún mi ní owó tó nítumọ̀ lórí máṣíìnì.

Ọmọbìnrin físíò sọ fún dókítà pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n dìde kó tó sọ̀rọ̀. Ó mú mi lọ sí gbọ̀ngàn. Ó ní kí n dúró lórí ẹsẹ̀ tó bàjẹ́ nìkan, mo dúró. Ó ní kí n gun àtẹ̀gùn tí kò lọ síbì kankan, kí n sọ̀kalẹ̀, mo sọ̀kalẹ̀. Ó wá ní kí n máa rìn lọ sí ìsàlẹ̀ gbọ̀ngàn, pé tí òun bá pè mí láti ẹ̀yìn, kí n yà kíákíá. Ohun tó gbé mi ṣubú gan-an nìyẹn. Mo ń rìn, mo rí gbogbo wọn nínú dígí. Ó pè mí. Mo yà.

Mo fẹ́ kí o mọ bó ṣe rí, àkọ́bí mi. Mo gbọ́ ọ nínú ara mi tí eegun náà fẹ́ lọ. Ó fẹ́ lọ bó ṣe máa ń lọ. Kí n tó bẹ̀rù tán, itan mi ti dì í mú, níwájú àti lẹ́yìn, láì dúró de kí n sọ fún un. Mi ò pàṣẹ. Mi ò tiẹ̀ mọ ohun tí ǹ bá sọ. Mo kàn bá ara mi lórí ìdúró, mo kọjú sí ibi tí mo ti wá. Nínú dígí, mo rí bàbá rẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, àwọn náà ti yà, pẹ̀lú aṣọ òde wọn, wọn ò mọ̀ pé àwọn yà.

Dókítà eegun ní kí n tún un ṣe sí ọwọ́ kejì, mo tún un ṣe. Ó ní okùn náà ṣì já, kò parọ́ fún mi. Ó ní ṣùgbọ́n orúnkún ò yẹ̀, orúnkún tí kò bá sì yẹ̀, òun ò ní abẹ tí òun fẹ́ fi ṣe é. Ó ní kí n padà sídìí iṣẹ́ mi, kí n má fi eré físíò sílẹ̀ láé, tó bá yẹ̀ lọ́jọ́ kan kí n tètè wá. Mo bi í pé báwo ni nǹkan ṣe lè bàjẹ́ kó sì dáa. Ó wo ọmọbìnrin físíò, ọmọbìnrin físíò wo itan mi. Mo rí i pé ó ya àwọn náà lẹ́nu díẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń rí i lójoojúmọ́.

Nítorí náà, mi ò wá fún abẹ. Lọ gba àsansílẹ̀ yẹn padà, tí wọ́n bá fẹ́ yọ nínú rẹ̀, bá wọn jà pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́. Nínú rẹ̀, jọ̀wọ́ fi díẹ̀ ránṣẹ́. Àkọ́kọ́ ni owó káàdì ilé ìwòsàn fún bàbá rẹ, torí àwọn tó ń gbowó níbẹ̀ ti mọ̀ báyìí pé káàdì kan là ń fi tọ́jú èèyàn méjì, mo sì gbìyànjú pé kí wọ́n kà wá sí ìdílé kan, wọn ò gbà. Èkejì ni owó bàtà tó dì mọ́ ẹsẹ̀, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yọ̀, ọmọbìnrin físíò ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge. Ẹ̀kẹta ni bẹ́líìtì tuntun fún máṣíìnì, torí ti tẹ́lẹ̀ já nígbà tí mo ń dá a padà. Ìyókù, tọ́jú rẹ̀ fún ìwé àwọn ọmọ.

Ọlọ́run yóò fún ìwọ náà ní ẹni tí yóò dì ọ́ mú kí o tó mọ̀ pé o fẹ́ yẹ̀. Ohun tó bá já nínú ayé rẹ, èyí tó wà nítòsí rẹ̀ yóò ní òun wà níbí. Ọkọ rẹ ò ní gbó sórí àga, ìwọ náà ò ní gbó nínú ìpàdé. Tí o bá wá wò wá, o lè bá èmi àti bàbá rẹ níbi tí a ti fẹ̀yìn ti ògiri yàrá, tí à ń yọ́ sísàlẹ̀, tí ojú wa pọ́n. Má pariwo, má sì sáré gbé àga wá. Gbé báàgì rẹ sílẹ̀, bọ́ bàtà, wá fẹ̀yìn ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Tìrẹ ni wàá ṣe o. A ò ní bá ọ ṣe é.

Èmi ni ìyá rẹ, télọ̀, tó ń kọ ìwé yìí ní ìdúró.